Òjò Tó Ń Wọ Ulé Ìdáná Yèyé

Jọ́ọ̀sì, oṣù kẹsàn-án, 1956

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òjò o. Kọ́láwọlé àbúrò mi ló máa ń ka lẹ́tà mi fún Yèyé, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ni kí ẹ ka èyí. Ẹ pè wọ́n wá jókòó tì yín.

Yèyé mi, ẹ ní kí n sọ fún Bàbá pé òjò ń wọ ulé ìdáná yín. Bàbá náà ní kí n sọ fún yín pé páànù wà nílẹ̀, ẹ ò kàn béèrè ni. Ní Ìjàn, inú àgbàlá kan náà lẹ̀yin méjèèjì jọ ń gbé! Kí lẹ́tà tó ti Jọ́ọ̀sì dé, òjò á ti yọ́ iyọ̀ Yèyé tán.

Mi ò jẹ́ irú iṣẹ́ yẹn mọ́. Bàbá, Yèyé ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín yẹn. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀.

Ara mi le. Mo gúnyán lánàá, mo tún jẹ ẹ́ láàárọ̀ yìí. Mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń gún iyán tó mọ ní ìwọ̀n ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹ bá mi kí Kọ́láwọlé. Tí ẹ ò bá sì ní iṣẹ́ kankan tí ẹ fẹ́ rán mi síra yín mọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣì máa kọ̀wé sí mi.

Èmi ọmọ yín,
Ọlábísí