Alángbá Tó Ń Wá Ṣáláńgá

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Mo ti wọṣẹ́ fíìmù. Èmi tí mo já ilé ìwé jù sílẹ̀ ní kíláàsì kejì sẹ́kọ́ńdìrì! Àwọn tó jókòó síbẹ̀ títí ìdí wọn fi yi, níbo ni wọ́n wà?

Fíìmù ọ̀hún rèé: alángbá kan tóbi ju ilé alájà mẹ́wàá lọ, ó jáde látinú òkun, gbogbo ìlú ń sá. Wọ́n rò pé èèyàn ló fẹ́ jẹ. Irọ́ o. Ṣáláńgá ló ń wá. Kò sí èyí tó gba ìdí ẹ̀. Nínú fíìmù àwọn olówó, ẹnu ni irú ẹranko bẹ́ẹ̀ fi ń yọ iná. Tiwa ń yọ ọ́ níbòmíì.

Mo sọ fún màmá mi pé èmi ni alángbá. Gbogbo ilé ti gbọ́. Àbúrò mi obìnrin ní, "Ìwọ kẹ̀? Ìrù ẹ̀ ni wọ́n gbé fún ẹ."

Ẹnu bí abẹ. Ìrù ni wọ́n gbé fún mi lóòótọ́.

Túsídè, ọjọ́ kẹrin

Bó ṣe rí nìyí. Inú ilé ìkẹ́rùsí kan tí òrùlé ẹ̀ ń jò la wà. Kápíńtà fi páálí kọ́ odidi ìlú sórí pèpéle pákó tó ga dé àyà mi, kí kámẹ́rà lè máa wò ó látìsàlẹ̀. Awọ alángbá—fóòmù àti tapólì, síìpù lẹ́yìn. Ẹni tó bá wà nínú ẹ̀ ò rí nǹkan kan. Ihò kan ṣoṣo ló wà lọ́fun, fún mímí. Torí ẹ̀ ni ẹnì kan fi máa ń tẹ̀ lé e nísàlẹ̀, á di ìrù mú, á máa pariwo: "Ọ̀tún méjì! Òsì kan! Dúró!" Tí wọ́n bá ya fíìmù tán ni wọ́n ń lẹ ohùn mọ́ ọn, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ariwo mi. Èmi ni onípariwo. Èmi ni ojú alángbá.

Ta ló wá wà nínú awọ? Arúgbó kan tó ti ń ṣe eré apanilẹ́rìn-ín kí wọ́n tó bí màmá mi. Bàbá Wúkọ́ ni mò ń pè é, torí ó ń wúkọ́ níbẹ̀ bí ọkọ̀ tó kọ̀ tí ò ṣiṣẹ́. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò tíì kú?" Ó ní, "Ọmọ mi, bí mo bá kú, ṣáà máa fa ìrù mi, wọ́n á rò pé ijó ni mò ń jó."

Gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín kú. Inú bí mi. Èmi ló yẹ kí n sọ irú ẹ̀.

Tọ́sìdè, ọjọ́ kẹfà

Màmá mi ń bọ̀ wá wò mí ní Sátidé. Ó ń kó àwọn mẹ́ta bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ẹ̀. Mo gbé!

Fúráìdè, ọjọ́ keje

Mo ṣe é.

Bàbá Wúkọ́ wà nínú awọ, létí pèpéle, lẹ́gbẹ̀ẹ́ báńkì páálí. Ọ̀tún ló yẹ kó yà. Mo ní, "Òsì mẹ́ta, Bàbá! Mo wà lẹ́yìn yín!" Kò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan. Méjì. Ó gbẹ́sẹ̀ kẹta sínú afẹ́fẹ́. Ìrù gbá ilé mẹ́fà lọ. Ohùn kan jáde lọ́fun alángbá, kíún, bí adìẹ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀rín! Ẹni tó di kámẹ́rà mú rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí Kápíńtà ṣí síìpù. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ti kọjú síbi tí ẹsẹ̀ kì í kọjú sí.

Mo ní fóòmù ló dí i létí, kò gbọ́ mi dáadáa. Wọ́n gbà. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.

Èmi ni wọ́n wá ní kí n wọ awọ yẹn. Ó bá mi mu bíi pé wọ́n rán an fún mi.

Sátidé, ọjọ́ kẹjọ

Màmá mi sunkún ayọ̀. Àwọn mẹ́ta yẹn pàtẹ́wọ́. Àbúrò mi ní mo ṣe dáadáa, ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀ nìyẹn. Kápíńtà ló pariwo fún mi. Òógùn Bàbá Wúkọ́ ṣì ń rùn nínú awọ.

Wẹ́sìdè, ọjọ́ kejìlá

Mi ò tíì lọ kí i. Ọsibítù ọ̀hún jìnnà. Kò jìnnà.

Túsídè, ọjọ́ kejìdínlógún

Ẹnu-Kò-Sinmi—ọ̀gá tó ń darí fíìmù—ní ìṣubú yẹn ló dùn jù nínú gbogbo ohun tá a ti yà. Àmọ́ ìdajì ẹ̀ ni kámẹ́rà rí. A máa tún un ṣe, èmi ni mo máa ṣubú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Páálí Kápíńtà ti tán. Fóòmù ìbùsùn kan la ní, apá ọ̀tún ni wọ́n máa tẹ́ ẹ sí. Kápíńtà sì ní òun lòun máa fa okùn tí ilé á fi wó.

Ta ló máa wá pariwo fún mi?

"Èmi." Bàbá Wúkọ́ ni, lórí àga, ẹsẹ̀ nínú símẹ́ńtì funfun. "Mo mọ ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa." Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n túká, ó fà mí mọ́ra jẹ́jẹ́. "Etí mi ò dí lọ́jọ́ náà, ọmọ mi."

Ìbá bú mi, ìbá sàn.

Tọ́sìdè, ogúnjọ́

Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ èyí.

Inú awọ ṣókùnkùn. Ohùn ẹ̀ ń wọlé lọ́fun alángbá, ó tutù bí omi àmù: "Ọ̀tún méjì. Ó dáa. Ọ̀tún kan sí i. Fóòmù wà níbẹ̀, má bẹ̀rù, mo wà lẹ́yìn ẹ."

Báyìí gan-an ni mo ṣe sọ fún un.

Mo yà sósì.

Símẹ́ńtì ilẹ̀ ni mo bá. Mo gbọ́ bí egungun apá mi ṣe dá. Mo sùn síbẹ̀, mo ń retí ẹ̀rín. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ṣáà ní, "Háà."

Ẹnu-Kò-Sinmi wá sí ọsibítù, òun àti Kápíńtà, wọ́n ti Bàbá Wúkọ́ wọlé lórí àga ẹ̀. Màmá mi àti àbúrò mi ti wà níbẹ̀. Ó ní òun ti wò ó, kò pani lẹ́rìn-ín, ó rí bí ẹni tó ṣubú lóòótọ́. Ìdajì ti Bàbá làwọn máa lò. Orúkọ Bàbá ló máa wà níwájú.

Màmá mi ò tiẹ̀ gbọ́ ìyẹn. Ọ̀dọ̀ Bàbá Wúkọ́ ló dojú kọ, "Ẹ fẹ́ pa á fún mi!" Kápíńtà dá a dúró. Ó ní ọ̀tún ni Bàbá sọ, gbogbo àwọn gbọ́ ọ, fóòmù sì wà lọ́tùn-ún.

Màmá mi wá yíjú sí mi. "Kí ni bàbá yìí ti ṣe fún ẹ rí, tí o ò fi gbà á gbọ́?"

Àbúrò mi gbójú sókè. Bàbá Wúkọ́ pàápàá gbé ikọ́ ẹ̀ mì, òun náà ń retí èsì.