Okùn Ọkọ̀ Tí Mo Gé Kúrú

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o. Ara Ìyá le, orúnkún òsì yẹn nìkan ló ṣì ń dà á láàmú. Èmi náà wà. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò dùn ún sọ, ṣùgbọ́n ó sàn kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ọkọ̀ yín ti rì, èmi ni mo fà á.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń so ó mọ́ òpó ilé, okùn rẹ̀ á gùn gbọọrọ, ọkọ̀ á sì máa rìn kiri bí ewúrẹ́. Gbogbo ará ìlú wa, Abereke, ló ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí ẹ lọ, Ìyá Bọ́sẹ̀, aládùúgbò wa, ń ráhùn pé ọkọ̀ náà ń gbá òpó ilé òun. Mo bá gé okùn kúrú, mo so imú ọkọ̀ mọ́ òpó típẹ́típẹ́. Mo tiẹ̀ rò pé mo gbọ́n jù yín lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, a ń sá edé lọ́wọ́ nígbà tí òkun ru wọ ìlú. Omi wa máa ń wá, á sì padà. Eléyìí kò padà. Kí n tó kó edé wọlé, ó ti bo afárá pákó. Mo mú Ìyá jáde ká lè wọ ọkọ̀. Omi ń gòkè, okùn kò sì jẹ́ kí imú ọkọ̀ bá a gòkè. Omi gba imú wọlé, ọkọ̀ sì rì lójú wa. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìdí tí okùn yín fi gùn. Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi? Àbí ẹ sọ, tí n kò fetí sí i?

Mo fẹ́ pọn Ìyá gba orí afárá, ó di aṣọ mi mú. Pákó tó ti já níbẹ̀ pọ̀, ta ló máa rí àlàfo lábẹ́ omi tó ń ṣàn? Ìyá Bọ́sẹ̀ ló fi ọkọ̀ tirẹ̀ wá gbé wa. Ojú tì mí gan-an.

Ní báyìí, oògùn Ìyá àti ìwé wa wà nínú kẹ́ẹ̀gì tí ìdérí rẹ̀ le dáadáa. Bí afẹ́fẹ́ bá ti yí padà, a kì í dúró kó edé mọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò tó. Òkun ti jẹ ilẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ bàtà méjìlá péré ló kù kó dé ibojì yín. Mo gba yàrá kan ní Igbókòdá tó jìnnà sí òkun, ṣùgbọ́n Ìyá kọ̀ láti lọ. Àràárọ̀ ló ń jókòó tì yín, tó ń sọ iye tí wọ́n ń ta ẹja fún yín.

“Ta ni yóò máa bá a sọ̀rọ̀?” Ohun tó bi mí nìyẹn.

Mo lọ bá àwọn àgbà bóyá a lè hú yín ká gbé yín dání. Wọ́n ní ilẹ̀ ti rọ̀ jù, omi á kún ihò kí a tó kàn yín.

Lánàá, Ìyá dìde lọ́dọ̀ yín, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì lọ di ẹrù rẹ̀. Ó ní òun ti dágbére fún yín. Ọ̀la ni a ń lọ.

Bàbá, bí òkun bá dé ọ̀dọ̀ yín, a kò ní sí níbẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ gbé mi sínú ọkọ̀ bí omi bá ń bọ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú ilé. Gbogbo ẹrù ni mo rí kó tán. Ẹ̀yin nìkan ni n kò rí gbé.

Ẹ foríjì mí.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín.