Ohun Tí Bàbá Mi Máa Ń Fi Han Àlejò

Ilé Tísà Dàda,
Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
Ìfàkì-Èkìtì,
Ìpínlẹ̀ Èkìtì.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025.

Gbémi mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ilé ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́? Tìmílẹ́yìn ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń ráyè sinmi díẹ̀ báyìí? Ẹniọlá ọmọ wa ńkọ́? Mo rí fọ́tò rẹ̀ tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà sáìtì rẹ, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Orúnkún tó ń dun Màmá rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń san? Ní tiwa níbí, a dúpẹ́. Òjò ń rọ̀ dáadáa, ara gbogbo wa sì le. Màmá mi ní kí n kí ọ kí n tó kọ ohunkóhun mìíràn, mo sì ti kí ọ o, kí wọ́n má baà bá mi jà.

O bi mí lórí fóònù níjọ́sí pé kí ló kọlù mí tí mo fi iṣẹ́ ẹnjiníà sílẹ̀ lọ jókòó sí báńkì. Mo fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀ nítorí pé etí pọ̀ lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ náà. Jókòó dáadáa, mo fẹ́ dá ọ lóhùn.

Ṣé o rántí afárá kékeré tí mo bá wọn ṣe lẹ́yìn Ọ̀yẹ́, lójú ọ̀nà Ìkọ̀lé? Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. A gbẹ́ ilẹ̀, a da kọnkéré, a gbé òpó ró, ìṣirò wa pé pérépéré. Ṣàdédé ni wọ́n ní ká dúró, owó ò tíì dé. Gbémi, a dúró títí koríko fi hù láàárín irin! Àwọn èèyàn ń ká ṣòkòtò sókè, wọ́n ń la omi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá tí kò ṣeé gùn, wọ́n sì ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ní kó má parí. Gbogbo àwa tí a mọ iṣẹ́ náà wà níbẹ̀, a káwọ́ gbera. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi pé, níbo gan-an ni owó yìí dúró sí? Ta ló jókòó síbì kan tó ní kí tibí dúró, kí tọ̀hún máa lọ? Kí ló ń wò kó tó sọ bẹ́ẹ̀? Mo bi ọ̀gá wa, kò mọ̀. Mo bi ọ̀gá rẹ̀, ó ní kí n gbájú mọ́ sìmẹ́ǹtì mi. Nígbà tí wọ́n wá parí afárá náà, gbogbo èèyàn ń jó, èmi ṣì ń bèèrè. Ohun tó gbé mi dé báńkì nìyẹn. Kì í ṣe owó oṣù, kì í sì í ṣe aṣọ tó dán. Mo kàn fẹ́ wọ inú yàrá tí wọ́n ti ń pinnu ni.

Kò kúkú rọrùn. Ṣèyí tó jẹ́ ọ̀gá mi ní ẹ̀ka wa ní Ìkọ̀lé, àbúrò mi ni tó bá jẹ́ ti ọjọ́ orí, èmi ni mo sì ń sọ pé "ẹ káàárọ̀ mà." Inú bí mi sí i fún ìgbà díẹ̀, ó ti tán báyìí. Ó ní òun ò rí ẹni tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ bíi tèmi rí. Ṣé o mọ̀ pé mo rò pé inú àpótí irin ńlá kan ni owó ń jókòó sí jẹ́jẹ́? Irọ́ ni o! Owó tí ìyá kan kó wá láàárọ̀ lè ti di pákó lọ́wọ́ oníṣòwò kan kó tó di alẹ́. Ó yà mí lẹ́nu, mo sì ń bèèrè lọ. Tí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá kọnkéré le, o mọ bí a ṣe ń dán an wò. Èèyàn tó wá yáwó ńkọ́, kí la fi ń dán òun wò? Ṣèyí ní kí n dìde lórí àga, kí n lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, kí n wo bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn lò nígbà tí ọjà ò bá yá.

Ṣùgbọ́n Bàbá ni wàhálà mi. O mọ Bàbá mi dáadáa. Tísà ni gbogbo Ìfàkì ń pè wọ́n tẹ́lẹ̀, àmọ́ láti ìgbà tí afárá yẹn ti parí, wọ́n ti di Bàbá Ẹnjiníà. Kò sí àlejò tó wọ ilé wa tí wọn kì í mú lọ síbẹ̀. Àna ẹ̀gbọ́n mi lọ, pásítọ̀ tuntun lọ, kódà ẹni tó wá tún àjà ilé ṣe lọ. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ gbá irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á ní, "Ọmọ mi ló ṣe é." Nígbà tí mo sọ fún wọn pé mo ń lọ sí báńkì, wọn ò pariwo. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, "Moyin, uṣẹ́ báńkì yìí, kí ni màá wá fi han àlejò níbẹ̀?"

Ó dùn mí ju kí wọ́n gbá mi létí lọ. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá béèrè mi, Bàbá á ní mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ẹnjiníà ni. Wọ́n á mú àlejò lọ síbi afárá, èmi náà á dúró níbẹ̀ bí ère, màá máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Màmá mi ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìsinmi wo ni kì í tán yìí, ṣùgbọ́n èmi ń sunkún sínú. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ ni kí ojú má ti Bàbá mi nítorí iṣẹ́ mi.

Àwọn obìnrin kan wà ní Àsin tí wọ́n ń din gàrí. Màmá Faith ni olórí wọn, ẹnu rẹ̀ dùn, ó sì mú bí abẹ. Wọn ò ní ẹ̀rọ, Ìkọ̀lé ni wọ́n ń ru ẹ̀gẹ́ lọ lọ̀, wọ́n á tún rù ú padà. Wọ́n wá yáwó láti fi ra ẹ̀rọ tiwọn. Mo lọ, mo lọ, mo tún lọ. Mo rí i pé nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bímọ, àwọn yòókù ló ń din tirẹ̀ fún un. Mánijà tó jẹ́ ọ̀gá Ṣèyí ń fà sẹ́yìn, ó ní ṣé mo lè dúró fún wọn. Mo ní mo lè dúró. Ṣèyí kìlọ̀ fún mi pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni mí, tí èyí bá dàrú, orúkọ mi ló máa bàjẹ́. Wọ́n yá wọn lówó, ẹ̀rọ sì dé.

Ìgbà tí mo wálé ni Bàbá ṣàdédé bi mí nídìí oúnjẹ pé níbo ni báńkì ti ń rí owó tí wọ́n ń yá èèyàn. Inú mi dùn pé wọ́n bèèrè! Mo ní owó àwọn èèyàn bíi tiyín ni, ṣebí ọ̀dọ̀ wa ni owó ìfẹ̀yìntì yín ń gbà wọlé. Òkèlè dúró lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Owó tèmi? Òun ló wà ní Àsin?" Mo ṣàlàyé títí pé kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an, pé ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tiwọn ni wọ́n máa rí i gbà. Mo rò pé ó ti yé wọn. Kò yé wọn rárá!

Lọ́jọ́ Túsìdeè, Màmá Faith pè mí. Ó ní bàbá àgbà kan gun ọ̀kadà wá, ó dé fìlà, ó ní owó òun wà nínú ẹ̀rọ àwọn, òun sì fẹ́ rí i. Ó ní ṣé báńkì ló rán wọn ni? Hà! Tí mánijà bá gbọ́ pé bàbá mi ń lọ yọ oníbàárà lẹ́nu, kí ni màá wí? Ṣèyí gbọ́, ó fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, ó ní kí n sáré lọ.

Mo bá Bàbá lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ti ká apá aṣọ sókè, ẹ̀gẹ́ ta sí ṣòkòtò wọn. Wọ́n ń bèèrè ọ̀rọ̀ bí ẹni tó wá yẹ ilé-ìwé wò. Ta ló ń tan ẹ̀rọ? Tí ara ẹni náà ò bá yá ńkọ́? Kí ló dé tí ẹ ò fi páànù bo ẹ̀gbẹ́ yìí? Màmá Faith ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yíjú sí mi, ó ní bàbá yìí mọ ọ̀rọ̀ bèèrè jù mí lọ, àwọn ni kí báńkì kọ́kọ́ rán. Ó bu gàrí gbígbóná fún wọn.

Nígbà tí à ń bọ̀, mi ò lè pa á mọ́ra. Mo ní, "Bàbá, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́ lónìí." Wọ́n gbé gàrí wọn lé itan. Wọ́n ní, "Má bínú. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni." Gbémi, ìbínú mi tán pátápátá. Ohun tí èmi náà ń sọ kiri láti ọjọ́ yìí kọ́ nìyẹn? Mo wá mọ ẹni tí mo jọ.

Bá mi kí Tìmílẹ́yìn, bá mi kí Màmá rẹ, kí o sì fi ẹnu ko Ẹniọlá lẹ́nu fún mi. O bi mí bóyá mo kábàámọ̀. Títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ǹ bá máa rò ó kí n tó dá ọ lóhùn. Jẹ́ kí n wá sọ ti àná fún ọ.

Àbúrò Bàbá láti Èkó àti ìyàwó rẹ̀ ló dé bá wa lálejò. Wọ́n jẹun tán, Bàbá ní kí n mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Mo rò pé mo mọ ibi tí à ń lọ. A kọjá Ọ̀yẹ́, mo rí irin ẹ̀gbẹ́ afárá lọ́ọ̀ọ́kán, mo dẹ eré, mo tan iná ẹ̀gbẹ́, mo fẹ́ dúró. Bàbá tó jókòó síwájú wò mí. Wọ́n ní, "Kí lo fẹ́ dúró ṣe níbí? Máa wa mọ́tò lọ. Àsin là ń lọ."

Omi lé sí mi lójú. Mo pa iná náà, mo tẹ mọ́tò, a gba orí afárá kọjá. Àbúrò wọn bèèrè láti ẹ̀yìn pé kí ló wà ní Àsin.

Bàbá ní, "Uṣẹ́ ọmọ mi."

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Moyinolúwa Dàda.