Abọ́ Tánganran Lórí Igi Fúrúùtù

Ìyá mi, ẹni tí mo ṣì ń bá sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́,

Ilé ò fararọ o. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, torí àwọn abọ́ yín ni.

Àwọn abọ́ tánganran tó bá bó lára, tí oníbàárà yín ní Mazamaza ò rà, ẹ kì í jù wọ́n nù. Ẹ ó dá ihò sí wọn lára, ẹ ó fi okùn so wọ́n mọ́ igi fúrúùtù etí omi lẹ́yìn búlọ́ọ̀kù wa ní Fẹ́sítáàkì. Ẹ ó gbé kan sókè, ẹ ó tún fà á wálẹ̀, ẹ ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan wò ó. Lẹ́yìn ìrun àlàásárì, ẹ ó jókòó sábẹ́ rẹ̀, atẹ́gùn á máa fẹ́, abọ́ á máa ró wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kí lẹ máa ń rò níbẹ̀, Màámi?

Látìgbà tí ẹ ti lọ, èmi náà ń jókòó síbẹ̀. Ibẹ̀ nìkan lara ti ń rọ̀ mí.

Ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò gbà pé ààlè lẹ fi lé olè, pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ọwọ́ rẹ̀ á wú. Nígbà tí alága búlọ́ọ̀kù ní ká kó ìdọ̀tí yẹn kúrò kí wolé-wolé tó dé lọ́jọ́ ìmọ́tótó, Ẹ̀gbọ́n ní ká panu mọ́, ẹ̀rù á bá wa ṣọ́ ọ.

Mi ò gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ò dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ rí! Mo dìde nípàdé, mo ní kì í ṣe ààlè, kì í ṣe ẹbọ, ìyá mi ṣe é kí èèyàn lè ríbi jókòó ronú ni. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Alága ní tí kì í bá ṣe ààlè, àwọn á gé igi náà tòun tabọ́ ní Sátidé. Ẹ̀gbọ́n ní àfọwọ́fà mi ni.

Ṣé mo ṣì í ṣe? Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Àmọ́ lánàá, ìyàwó awakọ̀ tó ń gbé lókè wa, tí ẹ̀rù kì í jẹ́ kó gbabẹ̀ kọjá tẹ́lẹ̀, wá jókòó tì mí. Ọmọ kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lóṣù tó kọjá. Abọ́ ró, obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó sì lọ gbé ọbẹ̀ kaná.

Ọ̀la ni Sátidé. Kí wọ́n máa pọ́n àdá wọn. Ìyàwó awakọ̀ ti ní òun ń bọ̀, òun á gbé àpótí ìjókòó tòun dání. Ìdí igi ni wọ́n máa bá àwa méjèèjì.

Kí Ọlọ́run fi Àlùjánńà kẹ́ yín.

Èmi ni, ọmọ yín olórí kunkun, tó fẹ́ràn yín dọ́ba.