Ìró Ìyá Rẹ Tí Mo Gé Sí Mẹ́rin

Rosdiana ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Makassar, ṣé ooru ìlú ńlá ò mú ọ jù? Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ lálọ lábọ̀. Àlàáfíà la wà ní Selayar, ọsàn so dáadáa lọ́dún yìí, àfi pé ìyá rẹ ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tí o wálé ọdún ìtúnu ààwẹ̀, o ní níléeṣẹ́ tẹlifóònù yín, ẹ kì í fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lódindi, ẹ máa ń gé e wẹ́wẹ́, ẹ ó kọ nọ́ńbà sí i, ẹni tó gbà á á dáhùn pé òun rí i, èyí tí ẹ ò bá sì gbọ́ èsì rẹ̀, ẹ ó tún un fi ránṣẹ́. Mo ní ọlọ́gbọ́n lọmọ mi. Nítorí náà, nígbà tí o bèèrè ìró ṣẹ́dà tí ìyá rẹ fi ṣègbéyàwó, kí ìwọ náà lè ró o lọ́jọ́ tìrẹ, ìyá rẹ ò sí nílé, mo bá mú ọ̀bẹ, mo gé e sí mẹ́rin, mo kọ nọ́ńbà sí i, mo pín in fún atukọ̀ mẹ́rin.

Èsì rẹ dé sórí fóònù Daeng Sirua aládùúgbò wa, pé o ò rí ìkẹta, àti pé ò ń sunkún. Inú mi dùn pé o dáhùn, àmọ́ ẹkún ò sí nínú ohun tí o kọ́ mi. Ìgbà tí mo fẹ́ tún ìkẹta fi ránṣẹ́ ni mo rí i pé kò sí òmíràn nílé. O ò sọ fún mi pé ẹni tó ń fi nǹkan ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ tọ́jú irú rẹ̀ sọ́dọ̀ títí èsì á fi dé. Mo bá gé e lára ìró ọkùnrin tí mo fi ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, mo fi ránṣẹ́. Mi ò gbọ́ èsì kankan, mo tún gé òmíràn. Ìró náà ò bo orúnkún mi mọ́, ìmáàmù sì ti ń wò mí.

Ìyá rẹ ò pariwo. Ó kàn ní màmá òun ló hun aṣọ yẹn. Ó dùn mí gan-an, ọmọ mi. Ó gba ẹnu Daeng Sirua sọ fún mi pé òun ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ wá fi abẹ́rẹ́ rán an pọ̀ kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé. Bá mi bẹ̀ ẹ́ kó fi tèmi dí àyè ìkẹta.

Fi owó ìró tuntun ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú owó ọkọ̀ tí ìyá rẹ máa fi padà, má sì gé owó náà o. Ọlọ́run á fi ayọ̀ kún ilé tí ò ń lọ.

Ọkọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ ni ìyá rẹ ń wọ̀. Odindi ni mo ń fi í ránṣẹ́. Tó bá ti gúnlẹ̀, tètè dáhùn pé o rí i gbà, torí mi ò ní irú rẹ̀ nílé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Basri