Bẹ́ǹṣì Kan Ṣoṣo Ló Kán

Paspanga, Ouagadougou, Ọjọ́rú, oṣù kejì 1986

Inú ń bí mi débi pé mo ti fi bírò fa ìwé yìí ya lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo ló kán lójú agbo wa ní Sátidé, ọkùnrin mẹ́fà ló sì jókòó lé e lórí! Àmọ́ akọ̀ròyìn kan tó wá wo agbo náà kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn òní pé ẹgbẹ́ olórin wa ń ba nǹkan jẹ́ bíi ti àwọn onírọ́ọ̀kì Gẹ̀ẹ́sì ayé ijọ́un. Orin tí a fi odindi oṣù kan kọ́ ní èdè Mooré, kò fẹnu bà á rárá.

Olórí kọmité révolution, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń ṣọ́ àdúgbò wa, ti ránṣẹ́ pè mí. "Kámáráàdì, ẹ má ṣeré mọ́ títí a ó fi wádìí ọ̀rọ̀ yìí." Títí dìgbà wo?

Mo sáré wálé, mo wá ojú ìwé magasíìnì Faransé kan tí mo gé pamọ́ nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí n lè fi hàn án pé a ò jọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà. Ẹ̀gbọ́n mi Sìkírátù gbà á, ó kà á sókè: tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n jù láti ojú fèrèsé òtẹ́ẹ̀lì, àwọn ọlọ́pàá, irun orí wọn.

"Orin wọn wá ńkọ́?"

Mo gbà á padà, mo tún un kà. Kò sí níbẹ̀.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń ròyìn àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì yẹn fún èèyàn. Tẹlifíṣọ̀n yẹn ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Mi ò gbọ́ ẹyọ orin wọn kan rí.