Ìgbín Ẹ̀yìn Etí Rẹ

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ọkùnrin kékeré tó ń wó ilé yín palẹ̀. Mo nírètí pé ara yín le, pé ikọ́ tó ń bá ọmọ náà jà ti fi í sílẹ̀. Àwa níbí wà láàyè. Bí mo bá ní a wà dáadáa, irọ́ ni, o sì mọ̀ mí, irọ́ kì í pẹ́ lẹ́nu mi kó tó já bọ́.

Á yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ. Gbogbo ohun tí a ń tẹ̀ ránṣẹ́ sí ara wa lórí fóònù láti ìgbà tí etí rẹ ti dákẹ́, ìdajì lo máa ń kà tí wàá ti fèsì. Èyí, jọ̀ọ́, kà á tán kí o tó bú mi. Gbé ọmọ fún bàbá rẹ̀, kí o jókòó.

Ìgbín rẹ ti kú. Mi ò rí i tún ṣe. Láti ọjọ́ tí a ti sọ ẹ̀rọ tí o fi ń gbọ́ràn ní ìgbín nítorí bó ṣe ká mọ́ ẹ̀yìn etí rẹ, mi ò rò pé màá kọ irú gbólóhùn yìí láé. Mo tú u palẹ̀ lórí tábìlì mi níbi iṣẹ́, mo wo inú rẹ̀ fínnífínní. Òógùn ti wọ ibẹ̀, ibi tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀ sì ti jóná. Ibẹ̀ yẹn, ilé iṣẹ́ wa nìkan ló ń ṣe é láyé yìí, a ò sì ṣe é mọ́. Irin tí wọ́n fi sínú orí rẹ kò ní àrùn kankan, àmọ́ bí kò bá sí ìgbín níta tó ń bá a sọ̀rọ̀, kò lè gbọ́ nǹkan kan. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu, àbúrò mi. Ká ní ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni, ǹ bá fi rẹ́rìn-ín.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. O mọ̀ pé àwọn kan ra ilé iṣẹ́ wa. Wọ́n dé tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, wọ́n sì fi ọ̀gá tuntun lé àwa ẹnjiníà lórí, ọkùnrin kan tí a ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ìròyìn burúkú tí kò lè fi ẹ̀rín sọ. Òun ló kó wa jọ, tó ní irú tìrẹ ti di ti àtijọ́, àwọn tó ń lò ó kò pọ̀ mọ́, kò sì mú èrè wá. Bí ìpàdé ṣe tú ni mo sáré lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí, kí n lè yọ díẹ̀ pamọ́ fún ọ. Páálí òfìfo ni mo bá. Wọ́n ti da gbogbo ìgbín tó kù sínú ẹ̀rọ tó ń fọ́ nǹkan túútúú, tuntun nínú ọ̀rá, kí ẹnikẹ́ni má bàa máa tà á lẹ́yìn wọn. Ẹni tó ń ṣọ́ yàrá náà kò lè wò mí lójú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, iṣẹ́ ni wọ́n rán mi." Kí ni mo fẹ́ wí? Iṣẹ́ ni wọ́n ń rán èmi náà.

Mo lọ bá Ẹlẹ́rìn-ín ní ọ́fíìsì rẹ̀. Mo ní bí a ò bá ṣe é mọ́, ẹ jẹ́ ká fi bí a ṣe ń ṣe é hàn fún gbogbo ayé, kí ẹlòmíràn lè máa ṣe é. Ó ní bí ẹlòmíràn bá ṣe é, tó wá jó iṣan etí ẹnìkan, orúkọ tiwa ló wà lára irin inú orí onítọ̀hún. Mo ní àbúrò mi wà lára àwọn tó ń lò ó. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Mo bá ẹ kẹ́dùn. Ìdí gan-an nìyẹn tí kò fi yẹ kó o dá sí i." Háà! Díẹ̀ ló kù kí n da tíì rẹ̀ sí i lára. Ohun tó dùn mí jù ni pé ọ̀rọ̀ tó sọ nípa iṣan yẹn, kì í ṣe irọ́.

Ó ní kí o wá gba irú tuntun, èyí tó jẹ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ yọ irin àtijọ́ kí wọ́n tó lè fi sí ọ lórí. Ìwọ àti ọkọ rẹ ò tíì gbàgbé ohun tí dókítà sọ: egungun ti hù bo ti àtijọ́, bí wọ́n bá fipá yọ ọ́, ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ kan lè wọ́, etí náà sì lè má là. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Mo jáde kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìgbà náà lo kọ̀wé sí mi pé kí n fọwọ́ ara mi ṣe é. O ní, "Orí mi ni, mo yọ̀ǹda ẹ̀." Ṣé o rò pé mi ò gbìyànjú? Mo mọ èdè tí ìgbín fi ń bá irin sọ̀rọ̀. Èmi àti àwọn kan la jọ kọ ọ́. Mo ṣe ọ̀kan. Ó burẹ́wà, ó tóbi ju páálí ìṣáná lọ, ò bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Irin kan bíi ti inú orí rẹ wà níbi iṣẹ́ tí a fi ń dán nǹkan wò, inú abọ́ omi iyọ̀ ló ń gbé. Mo so wọ́n pọ̀, mo sọ̀rọ̀ sí i, ó gbọ́! Mo pe orúkọ rẹ, ó gbọ́. Mo fò sókè bí ọmọdé. Ni ẹnìkan bá gbá ilẹ̀kùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbàà, iná tí ìgbín mi rán sínú omi yẹn sì ga kọjá ohun tí iṣan etí èèyàn lè gbà. Mo tún un ṣe. Ó gbádùn fúngbà díẹ̀, ó tún ya wèrè. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, mi ò mọ ìdí rẹ̀. Ká ní iṣẹ́ gidi ni, odidi agbo èèyàn ni ì bá máa dán an wò títí wọn á fi mọ̀dí. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀, èmi àti abọ́ omi iyọ̀.

Mo bi ara mi pé, ká ní orí ọmọ ẹlòmíràn ni, ṣé màá gbé e sí i? Rárá. Ṣé nítorí pé àbúrò mi ni ìwọ, kí n wá fi orí rẹ kọ́ṣẹ́? Mi ò ní fún ọ. Bínú sí mi, ó tọ́ sí ọ. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà, mo ń wò ó.

Mo ti sọ fún Màmá. Mo rò pé wọ́n á sunkún, àmọ́ ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n wà, wọn ò sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Wọ́n ní, "Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí ti kú kí n tó bí ẹ. Bó bá bàjẹ́, wọ́n á rọ òmíràn fún mi lójú títì. Kí ló dé tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ lè tún ti ọmọ mi ṣe?" Mo ní bí ilé iṣẹ́ ṣe ń jẹun nìyẹn. Wọ́n ní, "Ẹ kú ìjẹun o."

Ohun tó ń dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Kí wọ́n tó fi irin sí ọ lórí, a ní èdè ọwọ́ tiwa nínú ilé, o rántí? A máa ń fún imú pọ̀ láti pe Bàbá nítorí bí wọ́n ṣe ń hanrun. A máa ń yí ọwọ́ bí kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ láti pe Màmá. Ìwọ lo dá èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀, bí inú bá sì bí ọ, ìka rẹ á bú wa títí a ó fi sá jáde. Nígbà tí irin dé, àwọn tó ń kọ́ wa bí a ó ṣe lò ó ní kí á pa ọwọ́ tì, kí etí má bàa ya ọ̀lẹ. Èmi ni ọlọ́pàá inú ilé. Bí o bá gbọ́wọ́ sókè, màá kọjú sí ògiri títí wàá fi lanu sọ̀rọ̀. Ó kúkú ṣiṣẹ́. O di Etí Ológbò tó ń gbọ́ ìdérí ìkòkò láti ìta. Inú wa dùn débi pé a gbàgbé gbogbo rẹ̀. Lánàá mo dúró níwájú dígí, mo fẹ́ rántí bí a ṣe ń fi ọwọ́ sọ pé "má sunkún". Kò wá. Mo bi Màmá, wọn ò rántí. Bàbá tí ì bá rántí kò sí mọ́. A gba èdè lọ́wọ́ rẹ nítorí ẹ̀rọ, wọ́n wá gba ẹ̀rọ náà, kò sì sí ẹnì kankan nínú àwa tó ṣe é tó béèrè lọ́jọ́ kan pé bó bá kú ńkọ́.

Mo béèrè báyìí. Irú tuntun tí à ń yà lọ́wọ́, mo kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ pé kí á sọ ohun tí ẹni tó ń lò ó máa ṣe lọ́jọ́ tí a ò bá sí mọ́. Ẹlẹ́rìn-ín fa igi lé e. Mo ṣì ń lọ síbi iṣẹ́, torí àwọn kan wà tí ìgbín wọn kò tíì kú, bí mo bá sì lọ, mi ò mọ ẹni tó máa gbè wọ́n. Bóyá àwáwí ni. Ó ti sú mi, àbúrò mi. Ó sú mi gan-an ni.

Kí Ọlọ́run jókòó tì ọ́ nínú ìdákẹ́jẹ́ yìí. Kí ohun tó gba etí lọ́wọ́ rẹ má fọwọ́ kan ojú rẹ, kí o lè máa rí ọmọ rẹ bó ṣe ń dàgbà. Kí ọkọ rẹ má rẹ̀wẹ̀sì lórí rẹ. Kí ilé yín tòrò.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin tí apá rẹ̀ kò ká a.

Àfikún: Ọkọ rẹ sọ fún mi pé ọmọ náà ti ń pe "màmá", pé ó máa ń pè títí, nígbà tó bá sì rí i pé o ò bojú wẹ̀yìn, á wá fa aṣọ rẹ. Mo ka èyí fún Màmá. Wọ́n ní nígbà tí o wà ní kékeré, tí àwọn bá ń kọrin nídìí ẹ̀rọ, o máa ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àwọn lọ́rùn kí o lè mọ̀ pé orin ń lọ. Wọ́n ní bí ọmọ náà bá tún ń pè, kí o gbé ọwọ́ lé e lọ́rùn. Mo bi wọ́n pé ṣé ìyẹn tó. Wọ́n ní, "Kò tó. Kó ṣáà gbé e lé e."